Bí Mo Ṣe Gbin Àlùbọ́sà Sínú Ebè

Ọjọ́ kan wà tí ọkàn mi kọ̀ láti jọ̀wọ́ rẹ̀, bí mo tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó gbàgbé. Kì í ṣe ọjọ́ ọ̀fọ̀, kì í sì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọjọ́ tí ẹbí bàbá mi wá wo oko àlùbọ́sà mi ní Iyere ni. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo fi ayé mi ṣe. Mo ti ròyìn ìdìbò, mo ti ròyìn omíyalé, mo ti ròyìn ìjà àwọn awakọ̀ lójú títì Àkúrẹ́ sí Benin, ṣùgbọ́n n kò ròyìn ara mi rí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n ṣe é bí mo ṣe ń ṣe ti àwọn ẹlòmíràn: ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo máa sọ, ohun tí kálukú wí ni mo máa kọ bó ṣe wí i. Kìkì pé èdè Ọ̀wọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi sọ ọ́. Mo yí i sí Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń kà, kí ẹni tí kì í ṣe ará ilé wa má baà rò pé òun là ń bú.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ ní Iyere, nítòsí Ọ̀wọ̀ níbi tí mò ń gbé, lẹ́bàá odò kékeré kan. Kò tóbi, ṣùgbọ́n iṣu tó ń jáde níbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ẹni méjì ló ń gbé ọ̀kan. Lẹ́yìn tó kú, èmi ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n ní kí n máa mójú tó o. Mo sì mójú tó o lóòótọ́: ìgbàkígbà tí mo bá ń kọjá lọ́nà ibẹ̀, mo máa ń yọjú wò ó láti orí ọ̀kadà. Igbó ibẹ̀ dára púpọ̀.

Nílé tiwa, ilẹ̀ ẹbí ni ilẹ̀. Ẹni tó bá ń ro ó ló ń jẹ ẹ́. Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tuntun tó dé, àwọn àgbà máa ń rìn yí ilẹ̀ ká láti wo ẹni tó ro tirẹ̀ àti ẹni tí kò ro. Èyí tí wọn ò bá bá ohun ọ̀gbìn lórí rẹ̀, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn, kò ní ariwo nínú. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí Bàbá Olú ránṣẹ́ pè mí. Bàbá Olú ni àbúrò bàbá mi kan ṣoṣo tó kù láyé, òun sì ni olórí ẹbí. Káyọ̀dé ọmọ rẹ̀ jókòó tì í. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Fọlá, náà wà níbẹ̀. Ìyá kan, bàbá kan ni èmi àti Àǹtí. Iyere ló ń gbé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni.

"Akọ̀ròyìn," ni Bàbá Olú wí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń pè mí, "ilẹ̀ bàbá rẹ ti di ilé ọ̀yà."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Iṣẹ́ ló pọ̀."

"Ọ̀yà náà ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ibẹ̀ ló ti gbẹ́ tán."

Káyọ̀dé fi ohùn jẹ́jẹ́ sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín fi ẹ̀gẹ́ sí i. Ẹ̀gẹ́ ò ní dí yín lọ́wọ́ ìròyìn."

Bàbá Olú gbọ́wọ́ sókè kó tó parí. "A óò rìn dé ibẹ̀ kí òjò tó dé. Tí a bá bá ohun jíjẹ níbẹ̀, kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Tí a bá bá ọ̀yà, Káyọ̀dé ló ni ín."

Bí a ṣe jáde, Àǹtí Fọlá fà mí lápá. "Orí ilẹ̀ yẹn ni bàbá wa ti bọ́ wa yó," ó ní. "Tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, mi ò ní gbọ́ ohùn rẹ nínú rédíò kí n má pa rédíò náà." Ẹni tó fẹ́ràn ilẹ̀ náà tó báyìí, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó rò ó pé kí á gbé e fún un. Ó ti wọlé ọkọ, a ti gbàgbé pé ọmọ bàbá lòun náà. Èmi pàápàá ò rántí.

Kí ni èèyàn wá lè gbìn nígbà tí òjò ti ń lọ? Iṣu ti kọjá, àgbàdo ti kọjá. Ẹ̀gẹ́ lè fara dà á, ṣùgbọ́n mi ò lè gbin ẹ̀gẹ́ lójú Káyọ̀dé. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n rán mi lọ sọ́jà Ọ̀wọ̀ láti ṣe ìròyìn lórí ọ̀wọ́n àlùbọ́sà, nítorí ọkọ̀ ò wá dáadáa láti òkè Ọya. Ìyá kan sọ fún mi, mo sì gbà á sílẹ̀ báyìí: "Òórùn àlùbọ́sà aládùúgbò mi ni mo fi ń jẹun láti ọjọ́ yìí." Mo wá lọ bá Màláàmù tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́nu ọ̀nà ọjà, mo bi í léèrè ìgbà tí wọ́n ń gbìn ín lọ́dọ̀ wọn.

"Òjò ò bá a lára mu," Màláàmù dá mi lóhùn. "Ẹ̀ẹ̀rùn ló fẹ́, kí omi sì wà nítòsí."

Ẹ̀ẹ̀rùn! Omi nítòsí! Mo rí odò bàbá mi lójú ìran. Màláàmù ṣì ń bọ̀ wá sọ nǹkan mìíràn, ó ti na ọwọ́ báyìí bí ẹni fẹ́ júwe, ṣùgbọ́n mo ti pa ẹ̀rọ tí mo fi ń gba ohùn, mo ti dúpẹ́, mo ti ń lọ. Oníròyìn tó bá ti rí ohun tó ń wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Àǹtí Fọlá, ó wo ojú mi. "Àlùbọ́sà. Ṣé Kánò ni Iyere ni?"

"Àǹtí, ilẹ̀ ò mọ ìlú tó wà."

"Ìwọ náà ò mọ ilẹ̀," ó ní. Síbẹ̀, ó gbà láti ràn mí lọ́wọ́.

Mo ra irúgbìn náà nínú agolo pẹlẹbẹ kan nílé ìtajà àwọn tó ń ta oògùn oko. Mi ò rí irúgbìn àlùbọ́sà rí láyé mi. Mo ti rò pé àlùbọ́sà ni wọ́n fi ń gbin àlùbọ́sà, bí a ṣe ń fi iṣu gbin iṣu. Ìyàwó mi ṣí agolo náà, ó rí wóró dúdú wẹ́wẹ́ tó kún inú rẹ̀, ó sún sẹ́yìn. "Bàbá Tolú, ẹ̀tù ìbọn rèé o. Ta lẹ fẹ́ yìnbọn fún?"

Mo kó ìdajì rẹ̀ lọ sí Iyere. Mo gbin ín bí bàbá mi ṣe máa ń gbin àgbàdo: mo dá ihò tó jìn, mo ju wóró mélòó kan sí i, mo fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbágbá. Mo bu omi sí i. Mo dúró. Mo tún bu omi sí i. Gbogbo ohun tó hù níbẹ̀ ni koríko, mo sì fi tìfẹ́tìfẹ́ bomi rin koríko náà títí Àǹtí fi wá fa ọ̀kan tu, tó gbé e sí mi nímú pé kí n gbóòórùn. Kò rùn bí àlùbọ́sà. Kò rùn bí ohunkóhun. Ìdajì agolo yẹn ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ títí di òní, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ìdajì tó kù, mo pinnu pé ilé ni n óò ti kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Mo bu iyẹ̀pẹ̀ sínú bàsíà tí a fi ń wẹ àbíkẹ́yìn wa nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, mo gbé e sẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ tí mo fẹ́ fọ́n irúgbìn náà ni ọyẹ́ mú ìjà dé. Mo ṣí agolo, afẹ́fẹ́ ṣí i jù mí lọ. Díẹ̀ balẹ̀ sínú bàsíà, díẹ̀ balẹ̀ sínú ẹ̀kọ tí ìyàwó mi gbé sílẹ̀ kó tutù, èyí tó kù sì rékọjá ògiri lọ kí aládùúgbò. Ṣùgbọ́n èyí tó bọ́ sínú bàsíà hù. Ó ká bọ́ǹbọ́n jáde nínú iyẹ̀pẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, bí okùn tí wọ́n ṣẹ́ po. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi wá wò ó.

"Irun ni," ó wí. "Irun ló ń hù nínú bàsíà ọmọ mi."

Mò ń retí kí irun náà gùn tó èyí tí èèyàn lè lọ́, kó tú u lọ gbìn sí oko, ni adìyẹ aládùúgbò yan ibẹ̀ láàyò. Kì í ṣe pé ó jẹ ẹ́. Ó kàn wọ inú rẹ̀, ó fi iyẹ̀pẹ̀ wẹ̀ dáadáa, ó gbọn ara, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Aládùúgbò náà bẹ̀ mí. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, ó rí bàsíà ìwẹ̀ ni." Èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìwẹ̀ adìyẹ ni mo kó lọ sí oko.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́ pátápátá nìyí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń bàjẹ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò kan lórí fóònù, níbi tí ọkùnrin kan ti ń lọ́ àlùbọ́sà sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Dátà mi tán lágbedeméjì. Mo ṣàlàyé ohun tí mo rí fún Àǹtí, ó ju ọkọ́ sílẹ̀.

"Ilẹ̀ pẹrẹsẹ? Kí là ń jẹ lára àlùbọ́sà, ṣé ewé ni?"

"Orí rẹ̀ ni, Àǹtí."

"Níbo ni orí náà máa ń wà?"

"Lábẹ́ ilẹ̀."

"Ó dáa. Kọ ebè."

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ọmọ oníṣu ni wá. Lọ́dọ̀ wa, ohun tó bá ń ta lábẹ́ ilẹ̀, a kì í jẹ́ kí ilẹ̀ há mọ́ ọn. A kọ ebè ńláńlá, irú èyí tí bàbá wa ń kọ, a tẹ àwọn irun wẹ́wẹ́ yẹn sí i lára, a sì fi koríko gbígbẹ dé orí ebè kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún iṣu kí oòrùn má baà pa á. Ọkùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀wọ̀ dúró lójú ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé iṣu ẹ̀ẹ̀rùn ni?"

"Àlùbọ́sà ni," Àǹtí dá a lóhùn.

Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀. Ó wọ inú oko, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ebè kan yíká. Ó wá dìde, ó ní, "Olúwa á ṣe é," ó sì lọ. Mo ti gbọ́ àdúrà yẹn lẹ́nu àwọn dókítà rí.

Ewé rẹ̀ dára. Ìyẹn ló tàn wá jẹ. Àárọ̀ àárọ̀ ni Àǹtí ń fi kẹ́ẹ̀gì pọn omi láti odò, èmi ń bá a pọn ọ́n lọ́jọ́ tí mo bá ráyè wá láti Ọ̀wọ̀, àwọn ewé náà sì dúró ṣánṣán, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Nígbà mìíràn, a máa ń rí i tí ìdí ọ̀kan ń funfun jáde lókè ilẹ̀, tó ń fẹ́ wú. Kíá ni Àǹtí á fi ọkọ́ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó. "Orí iṣu tí oòrùn bá rí, ó ti bàjẹ́," ó máa ń wí. Bí ọ̀kan bá yọrí láti mí, a ó bò ó. Bó bá tún yọrí, a ó tún bò ó. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé òkè ilẹ̀ ni àlùbọ́sà ń fẹ́ jókòó sí, gbòǹgbò rẹ̀ nìkan ló fẹ́ kí á bá òun bò. Ìyẹn ni Màláàmù na ọwọ́ láti júwe lọ́jọ́sí.

Nígbà tí ìrìn àwọn àgbà ku ọ̀sẹ̀ kan, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo wa ebè kan wò. Ohun tó jáde gùn, ó funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọrùn lékeléke. Kò ní orí. Mo wa òmíràn, lékeléke ni. Mo lọ bá Àǹtí nílé, mo gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Sátidé ni wọ́n ń bọ̀, àbí?"

"Sátidé ni."

"Má wa ìkankan mọ́. Má tilẹ̀ débẹ̀. Lọ síbi iṣẹ́ rẹ."

Mo lọ síbi iṣẹ́ mi. Àkúrẹ́ ni wọ́n rán mi lọ lọ́sẹ̀ náà, ọkàn mi ò sì sí níbẹ̀. Mò ń gbọ́ ẹni tí mò ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ẹ̀gẹ́ Káyọ̀dé ni mò ń rí.

Sátidé pé. Mo dé oko ṣáájú gbogbo wọn. Mo bá Àǹtí Fọlá lórí kùkùté igi, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀gbẹ́ mú.

"Àǹtí, ẹ káàárọ̀. Ẹ̀yin mà tètè dé."

"Fọwọ́ tú ebè yẹn wò," ni gbogbo ohun tó wí.

Mo fi ìka tú ẹ̀gbẹ́ ebè náà. Ìka mi kan nǹkan. Mo tún tú u díẹ̀, ó yọrí: àlùbọ́sà! Ó pọ́n, ó tóbi, ó yí rìgìdì. Mo sáré lọ sí ebè kejì, àlùbọ́sà! Mi ò fà á yọ, mo fẹ́ fi ìyẹn sílẹ̀ kó ṣojú àwọn àgbà. Mo kàn fọwọ́ pa á lórí. Èèpo rẹ̀ gbẹ, ó ń dún wàràwàrà bí bébà, nínú ebè tí a ti ń da omi sí láti ìgbà ọyẹ́. Ká ní ìròyìn ẹlòmíràn ni, mo máa bi àlùbọ́sà náà ní ìbéèrè. Mo máa ní, níbo lo wà lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ta ló rí ọ? Ṣùgbọ́n ìròyìn ara mi ni, ó sì dùn. Mo yọ fóònù, mo wọ inú Wásáàpù ẹbí, mo gba ohùn mi sílẹ̀ bí mo ṣe ń gbà á fún rédíò:

"Láti inú oko bàbá mi ní Iyere, ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá fún yín. Àlùbọ́sà ti ta! Wọ́n ní kò lè ta nílẹ̀ Ọ̀wọ̀, ó ta! Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ mú agbọ̀n dání!"

Àǹtí gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ bo ojú. "Ṣé dandan ni kí o fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó dé?"

"Àǹtí, ìròyìn tó bá tutù ò dùn."

Wọ́n dé, wọ́n sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá Olú ló ṣáájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, Káyọ̀dé tẹ̀ lé e, àwọn ìyàwó ilé sì wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú agbọ̀n, nítorí ọ̀wọ́n àlùbọ́sà ò tíì rọ̀. Mo dúró láàárín ebè, mo tún ọrùn ẹ̀wù mi ṣe, mo bá wọn sọ̀rọ̀ lórí irúgbìn, lórí ẹ̀ẹ̀rùn, lórí bí ìmọ̀ ṣe ń borí àṣà. Káyọ̀dé ń mi orí. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, ó sì dùn mọ́ mi. Nígbà tí Bàbá Olú ní ó tó, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbá ewé mú lọ́wọ́ ọ̀tún, mo fà á tu.

Ewé jáde. Gbòǹgbò jáde. Ọrùn lékeléke jáde. Àlùbọ́sà ò jáde.

Mo ki ọwọ́ òsì bọ inú ebè, mo fà á yọ. Báyìí ni mo ṣe dúró níwájú ẹbí bàbá mi: ewé wà lọ́wọ́ kan, gbogbo ara rẹ̀ pé, kò ṣaláìní nǹkan kan. Àlùbọ́sà wà lọ́wọ́ kejì, ó dá dúró bí àlejò.

"Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?" Bàbá Olú bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Tó bá ti gbó, ó máa ń kọ ewé sílẹ̀."

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Mi ò ní kí ẹ pè é ní irọ́. Ohun tí mo fẹ́ kó jẹ́ òtítọ́ ni.

Bàbá Olú fi ọ̀pá tú ebè kẹta fúnra rẹ̀. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó tú ìkẹrin, àlùbọ́sà mẹ́fà ló wà lójú kan náà, wọ́n fara ti ara wọn. "Họ́wù," Bàbá wí, "ó mà ń yé bí adìyẹ." Àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sínú agbọ̀n. Káyọ̀dé, tí ojú rẹ̀ ti là, wá tẹ̀ síwájú. Ó yan ebè tó wà nídìí kùkùté tí Àǹtí jókòó sí, ó fi ọwọ́ méjèèjì tú u, ó sì fa nǹkan kan jáde tó gùn, tó pupa, tó ń da iyẹ̀pẹ̀ sílẹ̀. Ìdajì àpò àwọ̀n ni, irú èyí tí wọ́n fi ń kó àlùbọ́sà wá láti òkè Ọya, àlùbọ́sà sì kún ìdí rẹ̀.

Ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn yìí ò tíì bọ́ ẹ̀wù. Ṣé bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn tó bá gbó?"

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀, bóyá wọ́n gbọ́ ọ ní Ọ̀wọ̀. Ìyàwó ilé kan jókòó sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. Mo yíjú sí Àǹtí Fọlá. Ojú ọ̀run ló ń wò, bí ẹni tó ń retí òjò.

Bàbá Olú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló gbin èyí?"

Àǹtí dìde, ọwọ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́: "Èmi ni, Bàbá. Lánàá, nígbà tí oòrùn rọlẹ̀. Mo rà á lọ́wọ́ Màláàmù, mo gbé e sórí ọ̀kadà. Àbúrò mi ò mọ̀ sí i. Ilẹ̀ bàbá mi ni, mi ò fẹ́ kó bọ́. Mo kọ́kọ́ ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ebè, bó ṣe yẹ. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, mo ń kó wọn sójú kan. Èyí tó wà nínú àwọ̀n yẹn, ẹ̀yìn ríro ló fà á."

"Akọ̀ròyìn, o ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"O ò mọ̀, o wá fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé?"

Bí ẹni pé wọ́n jọ ṣàdéhùn, Káyọ̀dé tẹ fóònù rẹ̀. Ohùn mi bọ́ sáàárín oko, ó lọ geerege: "Láti inú oko bàbá mi ní Iyere, ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá fún yín…" Àǹtí Fọlá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń di ẹ̀yìn mú, ó ń ní "ẹ̀yìn mi o". Bàbá Olú náà wá rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó nù ún, ó sì jókòó sórí kùkùté.

"Ta ló kọ ebè wọ̀nyí?"

"Àwa méjèèjì ni," mo dáhùn.

"Ta ló ń pọn omi?"

Mo wolẹ̀. "Àǹtí ni."

"Mo sọ pé tí a bá bá ohun jíjẹ níbẹ̀, a ò ní gbé e fún Káyọ̀dé. A bá ohun jíjẹ níbẹ̀." Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí àwọ̀n. "Fọlá, ẹ̀tàn ni o ṣe, má ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ẹ̀yìn ríro wọ oko nítorí kí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ má bọ́, ilẹ̀ ò ní kú sọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ ló máa ro ó láti òní lọ."

"Bàbá, èmi ńkọ́?" Káyọ̀dé bèèrè.

"Ìwọ, bá wọn kó àlùbọ́sà."

Agbọ̀n tí mo ní kí wọ́n mú dání ò lọ lófo. Gbogbo ilé wa ló fi àlùbọ́sà Màláàmù se ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ń kí mi kú oko bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Èmi kó ewé tèmi lọ sílé. Ìyàwó mi gé e sínú ẹyin, ó dín in, ó tọ́ ọ wò. "Bàbá Tolú," ó ní, "lékeléke yín yìí mà dùn."

Iṣu ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí, iṣu Àǹtí Fọlá, ẹbí ò sì jiyàn rẹ̀ mọ́. Ọ̀yà ti kó lọ. Nígbà tó fẹ́ kọ ebè lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fún mi ní igun kan létí odò, ó ní kí n máa ṣe wèrè mi níbẹ̀. Mo padà lọ bá Màláàmù. Mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán lọ́tẹ̀ yìí, mo jẹ́ kó fi ọwọ́ júwe. Káyọ̀dé ní tirẹ̀ kò tíì pa ohùn mi rẹ́ nínú fóònù rẹ̀. Ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ ìbí mi, yóò fi í ránṣẹ́ sínú Wásáàpù ẹbí láìkọ ohunkóhun sí i.

Ohun tí mo rí kọ́ kò ṣòro sọ. Ìròyìn tó bá korò, gbogbo wa la máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí a ò fẹ́ gbà á gbọ́. Èyí tó bá dùn mọ́ wa létí ló ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, tí ìròyìn kan bá ti ń pa mí lẹ́rìn-ín kí n tó kọ ọ́ tán, mo máa ń gbé bírò sílẹ̀, mo máa ń wá ẹlẹ́rìí kejì.

Lẹ́nu ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí, lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ létí odò, ọ̀kan nínú àlùbọ́sà mi jókòó sókè ilẹ̀, ó wú, ó tó ẹyin adìyẹ. Mo gbá ewé rẹ̀ mú, mo fà á tu, orí sì bá ewé jáde. Mo kọ́kọ́ yí i yíká, mo wá inú gbòǹgbò rẹ̀ dáadáa bóyá n óò rí okùn àwọ̀n pupa. Lẹ́yìn náà ni mo tó rẹ́rìn-ín. Àǹtí dúró lórí ebè rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń wò mí.

"Kì í ṣe èmi o," ó ní.